Súbúfà Tó Wà ní Kọ̀rọ̀ Alhaja

Ọ̀nà Èjìnrìn,
Ìjẹ̀bú-Òde.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Bàbá.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Asalaamu alaykum. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti fi yín sílẹ̀ díẹ̀, ṣé àbúrò mi Hafeezah sì ń bá yín pọn omi kó tó lọ sí ilé ìwé? Mo bẹ Ọlọ́hun kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó ìrọ̀rùn, kó má bá yín lórí ibùsùn. Ara tèmi le. Ti ọkọ mi náà le, àyàfi ojú rẹ̀ tó wú fún ẹkún tí kò tíì wálẹ̀.

Ẹ ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní tí mo bá bọ́ sórí fóònù, mo máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, ẹ kì í gbọ́ ju ìdajì lọ. Òótọ́ ni. Nítorí náà mo ti jókòó, mo ti ti ilẹ̀kùn, mo fẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ èyí tó burú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn, torí tí mo bá gbé e mì, á bẹ́ mi níkùn. Inú mi ń dùn, Màmá. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ nínú ilé ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ bí mi. Mo fẹ́ràn ọkọ mi débi pé tí mo bá gbọ́ ọ̀kadà rẹ̀ láti ìkòríta, mo máa ń fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná kí n lọ tún ìborí mi wé. Ó máa ń fọ abọ́. Ó máa ń kọ orin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Gbogbo ayé ló ń gé orúkọ mi kúrú, òun nìkan ló ń pè é tán, Mubarakah, bí ẹni pé ó ń ka nǹkan iyebíye tí kò fẹ́ kó dín. Látìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, mi ò tíì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí n má dúpẹ́, títí kan àárọ̀ ọjọ́ tí a sin Bàbá.

Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ohun tí Ànǹtí Ràmọ́tà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, sọ lọ́jọ́ ìsìnkú náà. Gbogbo èèyàn ló gbọ́ ọ. Ó ní, “Ìyàwó tuntun ti fi ohùn òkú pe bàbá wa lọ. Ẹsẹ̀ tó gbé wọlé ò dáa.” Mo rí i bí ẹ ṣe ká ìborí yín jọ tí ẹ wọ mọ́tò lọ sí Ìmùṣin láìjẹun. Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Lórí fóònù ẹ kàn ní, “Mubarakah, kí lẹ ṣe fún bàbá àgbà yẹn?” Èsì mi nìyí.

Ẹ rántí pé nígbà tí ẹ wá tọrọ àlàáfíà fún wa ṣáájú ìgbéyàwó, Bàbá Gbàdàmọ́sí kò ríran mọ́ rárá. Ojú rẹ̀ ti lọ kí ìyá ọkọ mi, Alhaja Kúbúrátù, tó kú. Alhaja ló ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́sálásí, òun ló ń bu omi àlùwàlá fún un, òun ló ń bá a gé ẹran sínú abọ́. Nígbà tí Alhaja kú, Bàbá kò sunkún. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá oúnjẹ padà. Nígbà tí mo wọlé, ọrùn rẹ̀ ti tín-ínrín, aago ọwọ́ rẹ̀ sì ń yọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn lórí ikùn òfìfo, àti pé tí kò bá lò ó, ọ̀rọ̀ ò ní pẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nínú ilé náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí Bàbá jẹun.

Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo se gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi. Ọkọ mi á jókòó síwájú rẹ̀, á ní, “Bàbá, ẹ jẹun, ẹ ò ní pa ara yín sí wa lọ́rùn.” Ànǹtí Ràmọ́tà á ti ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Odògbolú dé, á ní, “Ẹ jẹun o, Bàbá, ẹ kì í ṣe ọmọdé.” Bàbá á ya ẹnu, á gba òkèlè kan, á sì fi pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí a ó fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ ọkọ mi. Òun ló ń to ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún àwọn mọ́sálásí àti fún ilé àwọn olówó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáwó ra súbúfà fún wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àpótí dúdú ńlá tó máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, èyí tí ẹ ní ó ń mi àyà yín. A ti ní sípíkà kékeré méjì tẹ́lẹ̀ tí ọkọ mi kàn mọ́ ògiri iwájú pálọ̀. Kò sí àyè míì fún súbúfà náà ju kọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ṣófo. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àga Alhaja máa ń wà. Ọ̀fọ̀ ni wọ́n fi gbé àga náà kúrò, kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan míì rọ́pò rẹ̀. Àlejò ni mí, mo kàn rí àyè.

Nígbà tí ọkọ mi ń palẹ̀ yàrá Bàbá mọ́, ó rí kásẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí aṣọ. Láyé ọjọ́un, Bàbá ránṣọ ní Àbíjàn fún ọdún púpọ̀, Alhaja sì wà nílé pẹ̀lú Ànǹtí Ràmọ́tà tó ṣì kéré. Dípò lẹ́tà, Alhaja á sọ̀rọ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, á fi rán àwọn tó ń lọ. Ọkọ mi dà á sínú fláàṣì kó má baà bàjẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà làásárì, ó fi í sí ẹ̀rọ wa tuntun. Àwọn sípíkà méjèèjì tín-ínrín jù fún ohùn Alhaja, torí ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bíi ti ọkùnrin. Ọkọ mi bá yí kọ́rọ́, bọ́tìnì roboto tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tó wà lẹ́yìn súbúfà sókè pátápátá. Kọ́rọ́ yẹn ni wọ́n fi ń sọ fún súbúfà pé, ohùn tó bá ga ju báyìí lọ, má gbé e, fi sílẹ̀ fún àwọn sípíkà. Nígbà tó yí i sókè, ọ̀rọ̀ ẹnu Alhaja fúnra rẹ̀ wọ inú súbúfà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti kọ̀rọ̀.

Ohun tó sọ nìyí. Ẹnu Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, èmi kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé. “Bàbá Ràmọ́tà, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ṣé ẹ ti jẹun?”

Màmá, Bàbá yí orí sí kọ̀rọ̀ náà. Ó ní, “Mi ò tíì jẹ.” Ó sọ ọ́ bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ibi àṣìṣe. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ síta pé, “Ìyàwó, gbé e wá.” Ó jẹ èyí tí mo gbé wá, ó ní kí n bù sí i. Mo sáré wọ kíṣìnì, mo fi ìborí bo ẹnu kí wọ́n má gbọ́ bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín tí mo ń sunkún pọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí oúnjẹ bá jinná, màá kọ́kọ́ tan ohùn Alhaja, màá tó gbé abọ́ wá. Ọrùn Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ó bú mi lọ́jọ́ kan pé iyọ̀ mi pọ̀, inú mi sì dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní wúrà.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń jẹ́ Waris, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló wá kí wa. Ó gbọ́ ẹ̀rọ náà, ó dì mọ́ ikùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mukhtar, ìwọ tó ń to ti mọ́sálásí, tìẹ ń sọ̀rọ̀ láti kọ̀rọ̀ bí olè. Ṣé kí n bá ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tò?” Ọ̀rọ̀ náà dun ọkọ mi. Iṣẹ́ ẹni ni wọ́n fi ń mọ ẹni, àwọn oníbàárà sì ń wọlé wá kí wa lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e la fi tún un ṣe, èmi àti òun. N kò tíì gbádùn ọjọ́ kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó fi mí jókòó sórí àga Bàbá, Bàbá wà nínú yàrá, ó ń sinmi. Ó ní kí n di ojú, kí n máa sọ ibi tí ohùn ti ń wá fún òun. Ó yí kọ́rọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dín agbára súbúfà náà kù kó má baà bo àwọn sípíkà mọ́lẹ̀. Ó tú wáyà kan, ó yí i padà, ó ní tí súbúfà àti àwọn sípíkà bá ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́, ohùn ìsàlẹ̀ á kú sí àárín yàrá. Ó sọ fún mi pé súbúfà tó bá sípíkà mu dà bí ìyá ọkọ tó gbọ́n, pé o máa mọ̀ pé ó wà nílé ṣùgbọ́n o ò ní mọ yàrá tó wà. Mo rẹ́rìn-ín títí ojú mi fi là. Nígbà tó ṣe, mo ní, “Mi ò mọ ibi tó wà mọ́.” Ohùn gbogbo ti di ọ̀kan ṣoṣo, ó ń ti ògiri iwájú wá, ó mọ́ bí omi òjò. Ọkọ mi gbé mi sókè kúrò lórí àga.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo gbé oúnjẹ Bàbá wá, mo sì tan Alhaja. “Bàbá Ràmọ́tà, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ṣé ẹ ti jẹun?” Bàbá yí orí sí kọ̀rọ̀. Ó dúró. Ó yí orí síwájú, ó tún yí i padà sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Níbo ló lọ?”

Mo ní, “Bàbá, òun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn.”

Ó ní, “Ohùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí nílé.”

Kò jẹun. Kò jẹ ní alẹ́, kò jẹ ní ọjọ́ kejì. A rò pé àìsàn ló gbé e dé. Ànǹtí Ràmọ́tà dé, ó bá abọ́ tó kún, ó gbọ́ nípa kásẹ́ẹ̀tì náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì gbaná jẹ. Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ọmọ wa lo wá fẹ́ ni àbí sàréè lo wá tú? Ilé bàbá mi lẹ sọ di ilé rédíò. Ẹni tó ti kú ń pè é, ẹ fẹ́ kó máa jẹun.” Ó gba fláàṣì náà, ó sọ ọ́ sínú àpò rẹ̀, ó gbé e lọ sí Odògbolú. Ìyàwó kì í dá ọmọ ọkọ lóhùn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ṣùgbọ́n mo ń wo Bàbá. Mo rí i pé kọ̀rọ̀ yẹn ló ń kọjú sí ní gbogbo ìgbà, pé tí mo bá ń gbálẹ̀ níbẹ̀, á gbọ́ ariwo ìgbálẹ̀, á gbé orí sókè kíá. Ibẹ̀ ni ó yé mi. Kì í ṣe ohùn nìkan ló ń fún un ní oúnjẹ. Ibi tí ohùn ti ń wá ni.

Mo sọ fún ọkọ mi. Mo ní kó tún yí kọ́rọ́ náà sókè, kó dà á rú bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìjà wa àkọ́kọ́ nìyẹn, Màmá. Ó ní, “O fẹ́ kí n fi ẹ̀rọ purọ́ fún bàbá mi? Ojú ló fọ́, orí rẹ̀ ò fọ́.” Mo ní, “Ọrùn rẹ̀ ni kí o wò.” Ó ní mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù láìjẹ mọ́ínmọ́ín tí mo sè fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn súbúfà, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó yí kọ́rọ́ náà sókè títí kò fi yí mọ́. Ẹ̀dà ohùn Alhaja ṣì wà nínú fóònù rẹ̀, ó sì fi í sí i. Ohùn náà ha, ó wúwo, ó dọ̀tí, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga, ó sì ti kọ̀rọ̀ wá. “Ṣé ẹ ti jẹun?” Bàbá ní, “O ti dé.” Mo ti se ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Àmọ́ kò tó nǹkan, Màmá, òkèlè díẹ̀. Ara ti rẹ̀ ẹ́ jù, kò gba oúnjẹ mọ́. Dókítà wá, ó mi orí.

Bàbá ní kí a gbé àga òun lọ sí kọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń fi ọwọ́ lé súbúfà náà bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká. Ní Ọjọ́bọ̀, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, ó pè mí. Ó ní, “Ìyàwó, sọ fún ọkọ rẹ kó má tún un ṣe mọ́. Mo mọ̀ pé àpótí ni. Ọjọ́ kìíní ni mo ti fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ń pàṣẹ fún mi pé kí n jẹun. Òun nìkan ló ń béèrè.”

Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kú.

Ó kú ní Jímọ̀, kí wọ́n tó pe ìrun. Ọkọ mi ló bá a. Alhaja ti sọ̀rọ̀ tán, àpótí náà sì ṣì ń kùn lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń kùn tí kò bá sí ohun tó ń sọ. A pa ẹ̀rọ náà, ilé sì dákẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Kò sí ohùn òkú tó pe ẹnikẹ́ni lọ. A fún un ní ohun tó dáa, a tún un ṣe, a sì pẹ́ kí a tó dá a padà.

Lánàá, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà lọ tán, Ànǹtí Ràmọ́tà nìkan ló kù. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí Bàbá bá mi sọ fún un. Ó yọ fláàṣì náà nínú àpò rẹ̀. Kò tíì gbọ́ ọ rí. Ọkọ mi fi í sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀rọ̀. A gbọ́ ọ kọjá ibi tí èmi máa ń pa á, torí mi ò jẹ́ kó lọ jìnnà rí, oúnjẹ Bàbá á ti fẹ́ tutù. Alhaja ní, “Ràmọ́tà ń kí yín. Kò fẹ́ jẹun látìgbà tí ẹ ti lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.” Ànǹtí Ràmọ́tà gbé orí lé àpótí náà, ó ké bí ọmọ ọwọ́. Nígbà tó dákẹ́, kò bẹ̀ mí, mi ò sì retí ẹ̀bẹ̀. Ó kàn bi mí pé kí ni Bàbá jẹ kẹ́yìn.

Màmá, ẹ má ronú nípa ẹsẹ̀ mi mọ́. Ìbànújẹ́ wà nínú ilé yìí, mi ò ní sọ pé kò sí. Ọkọ mi ò tíì fọwọ́ kan kọ́rọ́ yẹn. Waris wá, ó gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń sọ̀rọ̀ láti kọ̀rọ̀, kò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, ọkọ mi wọlé wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìkòkò àlejò. Látìgbà tí a ti fẹ́ra, ohun tó máa ń sọ ni pé, “Mubarakah, lọ jẹun.” Lánàá ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti ilẹ̀kùn, ó ní, “Mubarakah, ṣé o ti jẹun?”

Mo ní mi ò tíì jẹ. Inú mi dùn, Màmá, mi ò lè purọ́ fún yín.

Kí Ọlọ́hun fi Bàbá sí Àlùjánńà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaja. Kó dá ẹ̀mí yín sí, kó wo orúnkún yín sàn, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wẹ ọmọ tí màá bí. Kó má jẹ́ kí àárín èmi àti ọkọ mi bàjẹ́.

Èmi ni ọmọ yín tó di ìyàwó ilé,
Mubarakah.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́kù: Ẹ jọ̀wọ́, tí mọ́tò bá ń bọ̀ láti Ìmùṣin, ẹ fi ewùrà tó dáa ránṣẹ́ sí mi, kó pọ̀ díẹ̀. Ànǹtí Ràmọ́tà ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí mo sè fún Bàbá. Ó ní kí n má fi iyọ̀ sí i púpọ̀.